Ewé Kan Dín Nínú Ìwé Ìhìnrere

Bàbá Wigbold ṣí Ìwé Ìhìnrere náà níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, ó wá ibi tí ó fẹ́ kà, kò rí i.

Ó ṣí ewé mẹ́ta padà sẹ́yìn. Ó ṣí mẹ́rin síwájú.

"Kò sí níbí," ni ó wí.

Abẹ́ igi óákù ni wọ́n wà, níbi tí gbogbo àgbègbè náà ti ń pàdé láti dá ẹjọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Òjò ń fọ́n wínníwínní. Obìnrin kan dúró láàárín wọn, ó fi aṣọ onírun àgùntàn bo orí. Tidburh ni orúkọ rẹ̀. Kò sọkún. Ìwé náà ni ó ń wò, bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Ẹrú Ìyáàfin Beorngyth ni Tidburh tẹ́lẹ̀, òun àti Golde ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Tidburh ní ìyáàfin náà dá àwọn méjèèjì sílẹ̀ níwájú pẹpẹ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú Ìwé Ìhìnrere, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ìyáàfin kú nígbà yìnyín tó kọjá. Àlùfáà tó gbàdúrà lọ́jọ́ náà ti kú, ikọ́ ló pa á. Osgod, ọmọ àbúrò ìyáàfin náà, ló jogún ilé, ilẹ̀ àti màlúù. Ó ní òun jogún Tidburh àti Golde mọ́ ọn.

Ọkọ̀ àwọn ará òkè òkun sì ti gúnlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò. Ẹrú ni wọ́n wá rà. Golde wà nínú abà Osgod, wọ́n ti fi ọ̀pá dábùú ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ọ̀pá náà wà fún.

Osgod rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin pupa tó sanra ni, irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ajẹ́lẹ̀, mo mú ọkùnrin méjìlá wá tí yóò bá mi búra. Ta ló máa bá obìnrin yìí búra? Àbí àwọn àgùntàn ló ń bọ̀?"

Àwọn èèyàn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Olóyè, ẹ̀rín ò tíì kàn," ni ajẹ́lẹ̀ wí. Òun ni ojú ọba ní àgbègbè náà, kò sì fẹ́ràn wàhálà. "Bàbá Wigbold, ṣé ó dá yín lójú pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí?"

"Mo wà ní ìrìn àjò lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́," ni olórí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́, àwọn tó fi ayé wọn fún àdúrà, dáhùn. "Àlùfáà tó kú ló sọ fún mi pé ẹ̀yìn Ìhìnrere Lúùkù ló wà. N kò kà á rí. Arákùnrin Byrnhelm ni akọ̀wé wa."

Byrnhelm dìde. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, tàdáà ti dúdú mọ́ èékánná rẹ̀.

"Mo kọ nǹkan kan," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n awọ pélébé kan ni mo kọ ọ́ sí, mo sì tì í bọ àárín ìwé. Kò sí ohun tó dè é mọ́ ìwé. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lè yọ ọ́."

"Orúkọ ta ni o kọ?"

"Orúkọ àwọn tí ìyáàfin pè. Ó ti pé ọdún mẹ́ta, Ajẹ́lẹ̀. N kò lè búra sí orúkọ tí n kò rántí."

Tidburh gbójú sókè.

"Arákùnrin, o bi mí pé kí ni mò ń pe ọmọ mi. Mo ní Golde. O ní orúkọ náà dùn ún kọ."

Byrnhelm wo ilẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ fọwọ́ nu òjò kúrò lójú. "Ọ̀túnla ni a ó parí ẹjọ́ yìí, ní ọ̀sán gangan. Bí obìnrin yìí kò bá rí ẹ̀rí, ti Osgod ni. Olóyè, ọmọ náà kò gbọdọ̀ kúrò nílé rẹ títí di ìgbà náà."

Osgod gbé ọwọ́ lé ìwé náà. "Mo búra."

Ọkùnrin arúgbó kan jókòó lórí gbòǹgbò igi náà, ó ká ẹsẹ̀ kò. Cuthwin ni. Ó ti tó ogún ọdún tí ajẹ́lẹ̀ ti ń rán an nídìí ohun tó bá sọnù àti ẹni tó bá kú láìnídìí. Afáwọ ni bàbá rẹ̀, tó ń fá awọ ẹran di ojú ìwé, òun náà sì fá awọ títí ó fi pé ọgbọ̀n ọdún. Kò mọ̀wé. Ohun tó mọ̀ ni ẹran, awọ àti irọ́.

"Ajẹ́lẹ̀," ni Cuthwin wí, "ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sùn sọ́dọ̀ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́."

"Ó ti búra, Cuthwin. Ṣé o fẹ́ kí n pe olóyè ní onírọ́ lójú èèyàn?"

Ìbúra olóyè kan wúwo ju ti àgbẹ̀ mẹ́fà lọ. Ìbúra ẹrú kò tilẹ̀ ní ìwọ̀n.

*

Cuthwin bá Osgod níbi tó ti ń gun ẹṣin.

"Bàbá," ni Osgod wí, "wọ́n ní ìwọ ló máa wá ewé ìwé tó sọnù. Ìwọ tí o kò mọ lẹ́tà kan!"

"Ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, ṣé ó di dandan kó mọ bí wọ́n ti ń ké mẹ̀ẹ̀?"

Osgod rẹ́rìn-ín gan-an. "Ẹnu rẹ ò tíì darúgbó. Ó dára. Bi mí."

"Ṣé o mọ̀wé?"

"Bí ẹlẹ́dẹ̀ mi ti mọ̀ ọ́n."

"Ta nínú àwọn èèyàn rẹ ló wọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Gbogbo wa la máa ń lọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Onígbàgbọ́ ni wá." Ó tún ìjánu ṣe. "Brorda olùṣọ́ ẹlẹ́dẹ̀ mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bi í. Ṣùgbọ́n dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá o."

Kò sí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀. Cuthwin fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹni tí kò bẹ̀rù, yálà kò mọ nǹkan kan, tàbí ó mọ̀ pé wọn kò lè rí i.

*

Brorda wà nínú igbó pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ ogójì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó fi ẹyin pamọ́ sẹ́nu.

"Wọ́n rí ọ lọ́jọ́ Sátidé níwájú pẹpẹ," ni Cuthwin wí. "O gbé Ìwé Ìhìnrere lọ́wọ́."

"Akokoro ni, Bàbá. Akokoro ń pa mí. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra àpótí egungun ẹni mímọ́. Kò lọ. Mo ní bóyá ìwé lágbára ju egungun lọ. Mo fi ra ìwé."

"Ó lọ?"

"Ṣé ẹ ò rí ẹnu mi ni?"

"O ṣí ìwé náà?"

Brorda wo ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wá alátìlẹ́yìn. "Mo ṣí i. Mo gbọ̀n ọ́ pẹ̀lú."

"Kí ló dé tí o gbọ̀n ọ́?"

"Ìyá mi máa ń sọ pé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ a máa fi ewé oògùn gbígbẹ sáàárín ìwé. Mo ní bóyá ti eyín á wà níbẹ̀. Mo dorí rẹ̀ kodò, mo gbọ̀n ọ́ bí àpò ọkà."

"Kí ló já bọ́?"

"Eruku."

"Awọ pélébé kan ńkọ́?"

"Bàbá, mo ní eruku. Ká ní awọ já bọ́ ni, ǹ bá ti jẹ ẹ́, bí wọ́n bá ní ó ń wo akokoro."

Cuthwin jókòó lórí igi tó wó. Ọ̀rọ̀ Byrnhelm tọ́ka sí ọkùnrin yìí tààrà: awọ tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, ìránṣẹ́ Osgod tó gbé ìwé náà lọ́wọ́. Ó bára mu. Ó bára mu jù. Òmùgọ̀ tó wá jalè kò ní jẹ́wọ́ pé òun gbọ̀n ìwé. Bí Brorda kò bá sì purọ́, kò sí awọ pélébé kankan nínú ìwé náà lọ́jọ́ Sátidé.

Bóyá wọ́n ti yọ ọ́ ṣáájú. Tàbí kò sí níbẹ̀ rí.

"Fi kànáfùrù há eyín rẹ," ni ó wí, ó sì dìde.

"Níbo ni èmi á ti rí kànáfùrù?"

"Ó dára. Jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ yọ ọ́."

Brorda bú u lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi jáde nínú igbó.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Cuthwin ní kí Bàbá Wigbold gbé ìwé náà fún òun. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ lẹ́bàá fèrèsé. Tidburh wà ní ìdí òpó. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló sùn; kò síbòmíràn tó lè sùn sí.

"O kò lè kà á," ni Wigbold wí.

"N kò ní kà á."

Cuthwin fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún gbẹ. Ó di ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ewé níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò ra ojú ewé tọ̀tún, ìka ra tòsì. Ó pẹ́. Olórí ilé náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí lò ń wá gan-an?"

"Bàbá, awọ lójú méjì. Ojú kan ni irun ti hù: ó pọ́n díẹ̀, ó le, ihò irun wà lára rẹ̀ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ojú kejì ni ó lẹ̀ mọ́ ẹran: ó funfun, ó jọ̀lọ̀. Nígbà tí bàbá mi ń tà á fún yín, àwọn akọ̀wé yín a tò ó kí ojú irun lè kọjú sí ojú irun, kí ojú ẹran kọjú sí ojú ẹran. Ibi yòówù tí ẹ bá ṣí, tọ̀tún tòsì bára mu."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn."

"Irun, irun," ni Cuthwin ń wí bó ti ń ṣí i. "Ẹran, ẹran. Irun, irun. Ẹran, ẹran." Ó dúró. Ó ra á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó la ojú. "Irun, ẹran. Kí ni ẹ kà níbí?"

Wigbold bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Òpin Ìhìnrere Lúùkù," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ewé kan ti kúrò níbí. Kì í ṣe awọ pélébé. Ewé ìwé gan-an ni, tí wọ́n rán mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀." Cuthwin fi èékánná tọ ibi tí wọ́n ti rán ewé pọ̀ lọ sísàlẹ̀. Nǹkan kan gbé sókè díẹ̀, kò fẹ̀ ju ewé koríko lọ. "Ẹ wò ó. Ìdí rẹ̀ ló kù yìí. Wọ́n fi àtè tí wọ́n fi awọ sè lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀bẹ tó gé e mú, ọwọ́ tó dì í mú kò gbọ̀n. Òwú ibí sì funfun ju òwú yòókù lọ. Ìgbà wo ni wọ́n tún ìwé yìí rán?"

"Nígbà ààwẹ̀," ni Wigbold wí.

"Ta ló rán an?"

Olórí ilé náà wo ọ̀nà yàrá ìkọ̀wé. Ọ̀kan ṣoṣo ni akọ̀wé tó wà nínú ilé náà, òun ló sì dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó sọ̀rọ̀ awọ pélébé.

Láti ìdí òpó, Tidburh ní, "Ṣé ẹ ti rí i?"

"A ti rí ibi tó wà," ni Cuthwin dáhùn. "Ó ku òun fúnra rẹ̀."

"Yóò ti sun ún," ni Wigbold wí kẹ́lẹ́.

"Rárá. Bí Osgod ló gé e, yóò sun ún. Ẹni tó ń lo awọ kì í sun awọ. Ọmọ màlúù kan gbọ́dọ̀ kú kí ẹ tó rí ewé mẹ́rin irú èyí. Mo ti rí akọ̀wé tó ń fá àkọsílẹ̀ òkú kó lè kọ ti alààyè sí i. Mo ti rí èyí tó fi ewé orin mímọ́ lẹ bàtà. N kò tíì rí èyí tó jù ú síná."

*

Yàrá ìkọ̀wé kò tóbi. Byrnhelm jókòó sẹ́bàá fèrèsé, gègé lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀bẹ lọ́wọ́ òsì. Kò gbójú sókè.

Cuthwin lọ síbi tí awọ wà lórí pákó. Ó kà wọ́n, àti èyí tó wà níwájú akọ̀wé náà. Mẹ́sàn-án ni, odidi awọ, tuntun, ìwé sì ti kún púpọ̀ nínú wọn. Ilé yìí kò ní oúnjẹ tó tó. Ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ, ọtí ọkà tó mọ́ bí omi ni wọ́n ń mu, láti ìgbà Àjíǹde. Ó gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Ẹsẹ̀ irun inú rẹ̀ pupa," ni ó wí. "Dúdú ni màlúù gbogbo àfonífojì yìí. Agbo kan ṣoṣo ló pupa, ti Osgod ni."

Gègé náà ń lọ. Ó ń dún lórí awọ bí eku nínú koríko gbígbẹ.

"Byrnhelm. Olóyè Osgod fún ọ ní awọ mẹ́sàn-án. O bá a gé ewé kan."

"Jẹ́ kí n parí ìlà yìí."

Ó parí rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ náà sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìwọ ni. Awọ pélébé tí o sọ nípa rẹ̀ kò sí rí. Kí lò ń kọ?"

"Orin Hwita."

Cuthwin jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó mọ Hwita. Kò sí ẹni tó dàgbà ní àfonífojì náà tí kò mọ̀ ọ́n, arúgbó tó ń ta dùùrù nínú gbọ̀ngàn àwọn olóyè nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é, tó wá kú sínú ilé ọtí nígbà yìnyín, tí kòkòrò ara sì bò ó.

"Èyí wo nínú rẹ̀?"

"Ti ìlú orí òkè. Àwọn obìnrin tó dáná fún àwọn ọkùnrin tó lọ jagun. Ìlà ẹgbẹ̀rin. Ẹnu bàbá ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, ẹnu bàbá tirẹ̀ ni ìyẹn ti gbọ́ ọ. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Mo jókòó tì í fún oṣù méjì, mò ń kọ ọ́ sórí pákó tí a fi ìda bò, mò ń pa á rẹ́, mò ń há a sórí. Mo bẹ Bàbá Wigbold kó fún mi ní awọ. Ó ní awọ ìjọ kì í ṣe fún orin ọ̀mùtí. Hwita kú. Ìlà ẹgbẹ̀rin wà lórí mi, wọ́n sì ń já bọ́ lójoojúmọ́. Mo bá Osgod níbi ìsìnkú ìyáàfin. Ó ní awọ kì í ṣe ìṣòro."

"O mọ ìdí tó fi fẹ́ kí ewé náà sọnù."

"Mo mọ̀."

"O mọ orúkọ ọmọ náà."

Byrnhelm fi ọwọ́ bo ojú. "Ẹ̀mí kan ni ọmọ náà, Bàbá. Ènìyàn mélòó ló wà nínú orin yìí? Gbogbo wọn ló ti kú. Bí n kò bá kọ ọ́, wọ́n á tún kú."

"Àwọn yẹn kò ní mọ̀. Golde yóò mọ̀."

Cuthwin na ọwọ́ sí i.

"Níbo ló wà?"

Byrnhelm fa awọ kan jáde lábẹ́ èyí tó ń kọ. Ó kéré sí àwọn yòókù, òkúta tí wọ́n fi ń fá awọ ti mú un tinrín. Ìwé tuntun ti kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Cuthwin gbé e sí fèrèsé. Lábẹ́ ìwé dúdú náà, ìwé mìíràn wà, pípọ́n, bí òjìji. Tàdáà èso óákù a máa jẹ awọ. Bí a bá fá a, àpá rẹ̀ kì í tán.

"O máa wí èyí níwájú ìgbìmọ̀," ni Cuthwin wí.

"N óò wí i."

"Nísinsìnyí. A ó lọ bá ajẹ́lẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ọkùnrin náà di apá rẹ̀ mú. "Ogójì ìlà ló kù. Ìparí rẹ̀ ni. Bí ariwo bá wọ orí mi báyìí, wọ́n á sá lọ, kò sì sẹ́ni tí mo lè bi. Ẹ fún mi di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Lọ́la, ní ọ̀sán, n óò dúró níwájú gbogbo wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà mí. Bí ẹ bá fà mí lọ báyìí, n kò ní lanu."

Cuthwin rò ó. Ewé tí wọ́n ti fá, tí orin wà lórí rẹ̀: ọkùnrin méjìlá yóò búra pé òjìji kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹnu akọ̀wé fúnra rẹ̀ nìkan ló lè borí wọn. Ìyẹn ni èrò rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì tọ́.

Èkejì kò tọ́. Ó ti gbọ́ orin náà rí, nígbà èwe rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n pa ní etí òkun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó sọkún lójú èèyàn láyé rẹ̀ nìyẹn. Kò rántí bí ó ti parí.

Ó rántí Golde. Ó rántí ìbúra Osgod lórí ìwé.

"Títí oòrùn yóò fi wọ̀," ni ó wí.

Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ọ̀sán náà, ó ń gbọ́ bí gègé ti ń lọ.

*

Byrnhelm mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó dúró lábẹ́ igi óákù, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, awọ mẹ́sàn-án, ọ̀bẹ, àtè àti irọ́ rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fi ewé náà sínú àlàfo rẹ̀ nínú ìwé. Etí rẹ̀ bá ìdí tó kù mu. Oòrùn yọ díẹ̀. Bàbá Wigbold gbé e sókè sí i, ó sì kọ́kọ́ ka ìwé òkè, nítorí òun ni ojú rẹ̀ rí:

"Òtútù ni ojú ọ̀nà, òkùnkùn ni ẹnu ilẹ̀kùn;
ẹni tó dáná kò rí ẹni tí yóò yá a."

Lẹ́yìn náà ó ka ti abẹ́ rẹ̀, lẹ́tà lẹ́yìn lẹ́tà. Beorngyth dá Tidburh sílẹ̀, àti Golde ọmọ rẹ̀, àti irú-ọmọ wọn, fún àlàáfíà ọkàn rẹ̀. Ẹni tó bá yí èyí padà, kí Ọlọ́run yí ojú kúrò lára rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ hó yèè. Àwọn ọkùnrin méjìlá Osgod ń wo bàtà ara wọn.

"Ẹjọ́ parí," ni ajẹ́lẹ̀ wí. "Olóyè Osgod, mú ọmọ náà wá."

Osgod ń fi ọwọ́ tún irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe.

"Ó ti lọ."

"Lọ síbo?"

"Sínú ọkọ̀. Lánàá, lẹ́yìn ọ̀sán. Omi òkun fà, atukọ̀ sì ní òun kò lè dúró. Ṣé omi òkun ń dúró de ìgbìmọ̀ ni?"

Ajẹ́lẹ̀ nàka sí i. "O búra. O gbọ́wọ́ lé Ìwé Ìhìnrere, o búra!"

"Mo búra. Ìtanràn wà fún ìbúra èké. N óò san án kí ọ̀sẹ̀ tó parí, n óò sì gba ààwẹ̀ tí àlùfáà bá ní kí n gbà. Òfin kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbí ó béèrè?"

Kò béèrè.

Cuthwin wo Byrnhelm. Byrnhelm ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lánàá, lẹ́yìn ọ̀sán. Ìlà mélòó ni ó ti kọ nígbà tí wọ́n yọ ọ̀pá ilẹ̀kùn abà náà? Bóyá mẹ́wàá. Bóyá ogún.

Tidburh kò pariwo. Ó yíjú sí Cuthwin.

"Ìgbà wo lẹ rí ewé náà, Bàbá?"

Cuthwin lè purọ́. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ mọ bí wọ́n ti ń ṣe é.

"Lánàá. Ní ọ̀sán."

Tidburh mi orí.

Wọ́n fi Byrnhelm sí búrẹ́dì àti omi fún ogójì ọjọ́. Bàbá Wigbold kó orin náà lọ sí yàrá rẹ̀ láti lọ jó o. Ó kà á títí di àárọ̀. Ó tì í mọ́ inú àpótí ìwé, kò sì tún mẹ́nu bà á mọ́.

Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, wọ́n ní láti parí ètò ìdásílẹ̀, nítorí àṣà ni. Ajẹ́lẹ̀ mú Tidburh lọ sí oríta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ènìyàn tẹ̀ lé wọn. Ó dúró sí àárín, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi ohùn rara wí ohun tí wọ́n máa ń wí:

"Tidburh, gbogbo ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ọ. Gbogbo ẹnubodè ṣí sílẹ̀ fún ọ. Ibi tó bá wù ọ́ ni kí o gbà."

Ó yẹ kí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ dúpẹ́. Obìnrin náà wo ọ̀nà kìíní, ó wo èkejì.

"Èwo ló lọ sí òkun?"

Cuthwin kúrò láàárín èrò, ó dúró tì í, ó na ọwọ́ sí apá òsì.

"Èyí. Máa tẹ̀ lé odò."

Tidburh so aṣọ mọ́ ìbàdí, ó sì mú ọ̀nà náà pọ̀n. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Ajẹ́lẹ̀ súnmọ́ Cuthwin. "O kò ní sọ fún un pé ọkọ̀ náà ti jìnnà?"

"Ó mọ̀," ni Cuthwin wí.